Bí A Ṣe Ń Ṣa Ìbọn Ṣakabùlà Onílà Jọ, Tí A Sì Ń Tún Un Ṣe Láìba Iyì Rẹ̀ Jẹ́

Ọ̀pọ̀ ìbọn àtijọ́ ló la omi, eruku àti ogun já, tó sì wá bàjẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀ jù lọ: ẹni tó rà á lónìí, tó fi sáńpépà ha á lọ́la, tó fi òróró ìkunlé dídán kùn ún ní ọ̀tunla, tó sì gbà pé òun ti tún un ṣe. Ohun tí sáńpépà bá kó lọ kò ṣeé dá padà. Nítorí náà, gbogbo ohun tí mo máa kọ síhìn-ín dúró lórí ìlànà kan ṣoṣo, pé lórí ìbọn àtijọ́, ohun tó kéré jù lọ tó lè dáwọ́ ìbàjẹ́ dúró ni kí a ṣe. Ẹni tí ọwọ́ bá sì ń yún láti gbẹ́, láti ha àti láti kùn, orí ìbọn tuntun tí wọ́n ṣe ní àwòkọ ti àtijọ́ ni kó ti tẹ́ ìfẹ́ yẹn lọ́rùn.

Ìbọn tí mo ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ ni ṣakabùlà onílà, ìyẹn ìbọn tí a ń ti ẹnu kì, tí wọ́n gbẹ́ ilà tó ń lọ́ yíká sí inú ihò rẹ̀, kí ọta lè máa yí bó ṣe ń jáde, kó sì lè lọ tààrà. Ilà yìí ló yà á sọ́tọ̀ sí ṣakabùlà tí inú ihò rẹ̀ ń dán bọ̀rọ́bọ̀rọ́.

Kí ẹ tó ná owó kankan, ẹ wádìí òfin ibi tí ẹ ń gbé. Ní Amẹ́ríkà, òfin ìbọn ti ọdún 1968 ka ìbọn tí wọ́n ṣe ní ọdún 1898 tàbí ṣáájú rẹ̀ sí ohun àtijọ́, kò sì fi í sábẹ́ gbogbo ìlànà tó de ìbọn òde òní, síbẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan lè ní òfin tirẹ̀. Ní orílẹ̀-èdè mìíràn, ìwé àṣẹ lè pọn dandan bó ti wù kí ìbọn náà gbó tó. Ọ̀dọ̀ àwọn agbófinró tàbí agbẹjọ́rò ni kí ẹ ti béèrè. Ọ̀rọ̀ ẹni tó fẹ́ tà á fún yín kò tó láti gbára lé.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ mọ ìdílé tí ìbọn náà ti wá

Ẹni tí kò mọ bí ìbọn kan ṣe yẹ kó rí kò lè mọ ohun tí wọ́n ti yí padà lára rẹ̀. Àwọn ọdẹ ilẹ̀ Jámánì ni wọ́n kọ́kọ́ ń lo ìbọn onílà kúkúrú, tí ọ̀pá rẹ̀ nípọn, tí ihò rẹ̀ sì fẹ̀. Nígbà tí àwọn alágbẹ̀dẹ ìbọn láti Jámánì àti Switzerland ṣí lọ sí Pennsylvania ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, pàápàá ní agbègbè Lancaster, wọ́n mú iṣẹ́ náà dání, wọ́n sì ń yí i padà díẹ̀díẹ̀ títí ó fi di ohun mìíràn. Ọ̀pá ìbọn náà gùn sí i, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì kọjá 40 íǹṣì. Ihò rẹ̀ kéré sí i, kí òjé àti ẹ̀tù má bàa tètè tán lọ́wọ́ ọdẹ tó jìnnà sílé. Igi rẹ̀ di tẹ́ẹ́rẹ́, igi maple tí ọ̀nà ara rẹ̀ ń já wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ ni wọ́n sì sábà máa ń lò. Wọ́n tún gbẹ́ àpótí kékeré sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí a ń gbé tì èjìká, wọ́n sì fi idẹ tí wọ́n gé ní ọnà dé e. Jacob Dickert ti Lancaster wà lára àwọn tí orúkọ wọn hàn jù lọ lórí irú ìbọn bẹ́ẹ̀. Orúkọ Kentucky ni ọ̀pọ̀ ènìyàn wá ń pè é lẹ́yìn náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Pennsylvania ni ìdí rẹ̀ wà.

Bí àwọn ènìyàn ṣe ń lọ sí ìwọ̀ oòrùn Amẹ́ríkà, tí wọ́n ń gun ẹṣin, tí wọ́n sì ń bá ẹran ńláńlá pàdé, ìbọn náà tún kúrú, ọ̀pá rẹ̀ tún nípọn, igi rẹ̀ kò sì dé ẹnu ìbọn mọ́. Jacob àti Samuel Hawken, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní St. Louis, ni orúkọ wọn so mọ́ irú yìí. Ní ti àwọn ológun, ọta olórí ṣóńṣó tí Minié, ọ̀gágun ilẹ̀ Faransé kan, gbé jáde ní ọdún 1849 ló jẹ́ kí ìbọn onílà yá láti kì. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìbọn Enfield ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti ọdún 1853, dé, tí ìbú ihò rẹ̀ jẹ́ .577 íǹṣì, àti Springfield ti Amẹ́ríkà, ti ọdún 1861, tí tirẹ̀ jẹ́ .58. Ìyàtọ̀ kan wà níbí tó ń ran ẹni tó ń ra nǹkan lọ́wọ́ gan-an: ẹ̀rọ ni ilé iṣẹ́ ìjọba ní Enfield fi ṣe tiwọn, nítorí náà ẹ̀yà ara ìbọn kan lè wọ òmíràn, ṣùgbọ́n ọwọ́ ni ọ̀pọ̀ oníṣòwò Birmingham àti London fi ṣe tiwọn, ẹ̀yà wọn kì í sì í sábà wọ ara wọn láìjẹ́ pé a ha á.

Ọ̀nà tí iná fi ń dé ọ̀dọ̀ ẹ̀tù ni ohun kejì tó yẹ kí ojú yín mọ̀. Ní ilẹ̀ Faransé, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, ni ẹ̀rọ ìṣáná alákọ-òkúta ti di ohun tó gún: òòlù tó di akọ òkúta mú yóò ha ojú irin kan, iná yóò ta sínú àwo ẹ̀tù kékeré, yóò sì gba ihò iná wọlé. Ní ọdún 1807, àlùfáà ará Scotland kan, Alexander Forsyth, gba ìwé àṣẹ fún lílo ohun tó ń bú bí a bá lù ú. Láàárín ọdún 1820 sí 1830, fìlà bàbà kékeré tí wọ́n fi ohun abúgbàù sí nínú ti ń tàn kálẹ̀. Àìmọye ìbọn alákọ-òkúta ni wọ́n gbé lọ sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ nígbà náà kí ó lè yí wọn padà sí oní-fìlà. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí ẹ̀tàn tó pọ̀ jù lọ nínú ọjà yìí ti ibẹ̀ wá.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó sanwó

Ẹ mú iná tó mọ́lẹ̀, awò tó ń sọ nǹkan di ńlá àti òṣùwọ̀n dání. Orí ọ̀pá ìbọn ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tàbí Belgium, ó yẹ kí àmì ìdánwò, èyí tó ń fi hàn pé wọ́n ti yin ọ̀pá náà wò, tó sì gbà á, wà nítòsí ìdí ọ̀pá. Ẹgbẹ́ àwọn alágbẹ̀dẹ ìbọn London gba ìwé àṣẹ ọba ní ọdún 1637, ilé ìdánwò Birmingham sì dúró ní ọdún 1813. Lẹ́tà ELG tó wà nínú ìrísí ẹyin ni àmì ìlú Liège ní Belgium. Àwọn alágbẹ̀dẹ aládàáni ní Amẹ́ríkà kò ní irú ilé ìdánwò bẹ́ẹ̀, nítorí náà orúkọ tí wọ́n fín sí òkè ọ̀pá ni ẹ̀rí wọn, òun náà sì ni àwọn ẹlẹ́tàn ń fín sí ibi tí kò sí. Ẹ wo ìsàlẹ̀ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan dáadáa. Bí ihò ìpẹtà bá kún ojú irin, ó yẹ kí ìpẹtà kan náà ti jẹ etí lẹ́tà náà pẹ̀lú. Lẹ́tà tí etí rẹ̀ mú gọ̀ngọ̀, tó la ihò ìpẹtà kọjá, ẹ̀yìn ìpẹtà ló dé.

Ẹ tún wo ẹ̀rọ ìṣáná. Nítorí pé ìbọn alákọ-òkúta ń mówó wọlé ju oní-fìlà lọ, ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ti yí padà ní ayé àtijọ́ ni wọ́n tún yí padà sí alákọ-òkúta lóde òní. Bí ẹni tó ni ín bá gbà kí ẹ yọ ẹ̀rọ náà, ẹ wo ẹ̀yìn irin pẹlẹbẹ tó gbé e: ihò tí wọ́n dí, ojú ibi tí wọ́n jó irin pọ̀, tàbí àwọ̀ tí kò bá ìyókù mu, ń sọ ìtàn. Ẹ wo ihò iná pẹ̀lú. Iná tó ti ń jó níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún máa ń jẹ irin, ó sì máa ń sun igi tó wà lẹ́yìn àwo ẹ̀tù. Àwo ẹ̀tù tó gbó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò iná tó mọ́ bí èyí tí wọ́n lu lánàá kò bára mu.

Nǹkan mẹ́ta mìíràn kò gba àkókò láti wò. Àkọ́kọ́ ni gígùn: bí ojú ìwòran tó wà níwájú bá sún mọ́ ẹnu ìbọn jù, tàbí tí àyè tó wà láàárín àwọn ọ̀rùka tó di ọ̀pá ìkìbọn mú kò dọ́gba, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti gé ọ̀pá náà. Ìkejì ni igi iwájú, tó máa ń kán, tí wọ́n sì máa ń so pọ̀ sábẹ́ ọ̀rùka kí ó má bàa hàn. Iná aláwọ̀ àlùkò tí wọ́n fi ń yẹ owó wò máa ń fi òróró tuntun hàn yàtọ̀ sí ti àtijọ́. Ìkẹta ni síkúrù: èyí tí wọ́n fi ọwọ́ ṣe ní ọ̀rúndún kejìdínlógún kì í dọ́gba délẹ̀ bíi ti ẹ̀rọ.

Ṣùgbọ́n ẹ má ka gbogbo àyípadà sí àbùkù. Nígbà tí àwọn ìbọn wọ̀nyí ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, ilà inú wọn a máa jẹ, alágbẹ̀dẹ a sì tún un gbẹ́ jinlẹ̀, débi pé ìbú ihò tí ẹ wọ̀n lónìí lè pọ̀ ju èyí tí wọ́n fi bí ìbọn náà lọ. Wọ́n a máa gé ìdí ọ̀pá tí ihò iná rẹ̀ ti jẹ, wọ́n a sì fa ọ̀pá náà sẹ́yìn. Igi tó ya, tí ẹni tó ni ín fi idẹ pẹlẹbẹ àti ìṣó kan mọ́ra, ẹ̀rí ni pé ẹnì kan nílò ìbọn náà tó bẹ́ẹ̀ tí kò lè jù ú nù. Irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀ jẹ́ ara ìtàn rẹ̀, èmi kò sì ní gbà kí ẹnikẹ́ni yọ ọ́ kúrò nítorí ẹwà. Bí mo bá ní láti yàn láàárín ìbọn tó dọ̀tí ṣùgbọ́n tó pé, àti èyí tí wọ́n ti ha dán, èyí tó dọ̀tí ni n ó mú láìronú lẹ́ẹ̀mejì.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ rí i dájú pé kò sí ẹ̀tù nínú rẹ̀

Ìgbésẹ̀ yìí ló ṣáájú gbogbo iṣẹ́ ọwọ́, ẹ kò sì gbọ́dọ̀ fò ó fún ìbọn kankan, ì báà jẹ́ èyí tó ti wà lára ògiri láti ìgbà bàbá-ńlá. Ẹ̀tù dúdú tí omi kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kì í kú. Ọgọ́rùn-ún ọdún lè kọjá lórí rẹ̀, kí ó sì tún gbaná lọ́jọ́ tí iná bá kàn án. Nínú àwọn ìbọn tí wọ́n fi kọ́ ògiri, ọ̀pọ̀ ni ẹni tó lò ó kẹ́yìn kì, tí kò sì yìn.

Ẹ kọ ẹnu ìbọn sí ibi tí kò sí ènìyàn, kí ojú àti ọwọ́ yín má sì ṣe wà níwájú rẹ̀ nígbà kankan. Ẹ mú ọ̀pá igi gígùn tó tọ́, tó lè wọ inú ihò náà, kí ẹ rọra tì í títí yóò fi dúró. Ẹ sàmì sí ibi tó bá ẹnu ìbọn mu. Ẹ fà á yọ, ẹ tẹ́ ẹ sí ẹ̀gbẹ́ ìta ọ̀pá ìbọn, kí àmì náà tún bá ẹnu ìbọn dọ́gba, kí ẹ wá wo ibi tí orí kejì dé. Bí ó bá dé ọ̀gangan ihò iná, inú ṣófo. Bí ó bá kúrú sí i ní nǹkan bí íǹṣì kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ohun kan wà nínú rẹ̀. Ó lè jẹ́ aṣọ, ilé kòkòrò tàbí ìdọ̀tí, ṣùgbọ́n ẹ gbà pé ẹ̀tù àti ọta ni títí ẹ̀rí mìíràn yóò fi yọjú.

Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ má gbìyànjú láti yìn ín, ẹ má fi iná kàn án, ẹ má sì fi irin gbígbóná tàbí ẹ̀rọ ìlu-ihò kàn án. Ẹ yọ akọ òkúta tàbí fìlà bàbà kúrò, ẹ da omi díẹ̀ gba ẹnu àti ihò iná wọlé kí ẹ̀tù lè rin, kí ẹ sì pe alágbẹ̀dẹ ìbọn tó mọ ti ṣakabùlà láti fa ọta náà jáde. Omi yóò mú ìpẹtà díẹ̀ wá, èyí sì kéré sí ohun tí ẹ̀tù gbígbẹ lè ṣe.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ tó tú u

Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ láti ìhà gbogbo, ẹ ya àmì, orúkọ, ìyà ara igi àti orí síkúrù kọ̀ọ̀kan. Ẹ wọn gígùn ọ̀pá, ìbú ihò àti ìwọ̀n ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ mú pátákó kan, ẹ ya àwòrán ìbọn náà sórí rẹ̀, kí ẹ lu ihò sí ibi tí síkúrù kọ̀ọ̀kan ti wá, kí ó lè máa dúró sí àyè rẹ̀ bí ẹ ṣe ń tú u. Síkúrù àtijọ́ kì í ṣe ìbejì ara wọn. Èyí tó wọ ihò kan lè ba ihò kejì jẹ́.

Irinṣẹ́ tí a fi ń tú síkúrù ló ń ba ojú ọ̀pọ̀ ìbọn jẹ́. Ẹ fi ayùn ìhárin ṣe ẹnu rẹ̀ kí ó lè kún ojú ihò orí síkúrù dáadáa, láti etí dé etí àti dé ìsàlẹ̀, kí ó má ṣe rí bí èèkàn tó ṣóńṣó. Bí síkúrù bá kọ̀, ẹ kán epo tó ń wọ ìpẹtà sí i, ẹ fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, ẹ tún kán òmíràn. Ẹ̀rọ ìṣáná ló kọ́kọ́ ń jáde. Ẹ gbé òòlù sí ìdajì, láàárín ibi tó ti sọ̀ kalẹ̀ àti ibi tó ti múra tán láti lù, ẹ tú àwọn síkúrù tó wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì díẹ̀ láìyọ wọ́n tán, kí ẹ fi ìdí igi lù wọ́n jẹ́jẹ́, kí ẹ̀rọ náà lè gbéra dọ́gba. Ẹni tó bá fi irin jìn ín láti ẹ̀gbẹ́ yóò ya etí igi rẹ̀.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni síkúrù ìrù ọ̀pá, ìyẹn irin tó nà sẹ́yìn láti ìdí ọ̀pá, lẹ́yìn náà àwọn ìṣó tàbí irin pẹlẹbẹ tó so ọ̀pá mọ́ igi. Ẹ sàmì sí ẹ̀gbẹ́ tí ìṣó kọ̀ọ̀kan ti jáde, kí ó lè padà gba ibẹ̀ wọlé. Igi iwájú ìbọn Pennsylvania tẹ́ẹ́rẹ́ púpọ̀, nítorí náà ẹ yí ìbọn náà dojúdé, kí ẹ di ọ̀pá àti igi mú pa pọ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí ọ̀pá náà fúnra rẹ̀ ya kúrò. Irin tí wọ́n fi dí ìdí ọ̀pá, ẹ fi í sílẹ̀ níbi tó wà. Kò sí ohun tí yíyọ rẹ̀ ń ṣe fún ẹni tó ń kó ìbọn jọ, agbára tí yóò sì gbà láti tú u lè lọ́ ọ̀pá tàbí kó ba ìrù rẹ̀ jẹ́. Sípíríǹgì ńlá inú ẹ̀rọ ìṣáná nílò fáìsì kékeré tí wọ́n ṣe fún un, kí ẹ sì fún un mọ́ra níwọ̀nba tí yóò jẹ́ kó jáde, nítorí ó lè kán bí a bá fún un kọjá bó ṣe yẹ.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Irin

Ìpẹtà méjì ló wà, ìtọ́jú wọn kò sì jọra. Èyí tó pupa bí osùn, tó ń ṣí bí ẹ fọwọ́ kàn án, ṣì ń jẹ irin lọ. Èyí tó dúdú tàbí tó ní àwọ̀ obì gbígbẹ, tó le, tó sì tẹ́jú, ti dúró, òun gan-an sì ni awọ ọlá tí ọjọ́ orí fi bo ìbọn náà. Èyí àkọ́kọ́ ni kí ẹ mú kúrò, ìkejì ni kí ẹ dáàbò bò.

Ẹ kun epo fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sí ojú irin náà, ẹ fi sílẹ̀ fún ọjọ́ bíi mélòó kan, kí ẹ wá fi ohun tó rọ̀ ju irin lọ ha á: igi líle, egungun, tàbí etí bàbà. Ibi tó bá ṣì kù, ẹ lo irun irin tó kúná jù lọ, èyí tí wọ́n kọ 0000 sí lára páálí rẹ̀, pẹ̀lú epo, láìfi agbára, kí ẹ sì máa nu ún wò lemọ́lemọ́. Fún àwọn ẹ̀yà kéékèèké tí ìpẹtà pupa ti wọ inú ihò ara wọn, ẹ nu epo wọn kúrò pátápátá, kí ẹ sè wọ́n nínú omi tí kò ní iyọ̀ àti èròjà mìíràn nínú fún nǹkan bí ìlàjì wákàtí. Ìpẹtà pupa yóò di dúdú, tí kò tún ní jẹ irin mọ́, a ó sì fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbọ̀n ọ́n dànù. Mo fẹ́ràn ọ̀nà yìí ju gbogbo ásíìdì tí wọ́n ń tà lọ, nítorí kì í jẹ irin tó dára, kì í sì í fi àwọ̀ eérú tó dà bí irin tuntun sílẹ̀.

Ihò inú ọ̀pá ń fẹ́ sùúrù. Aṣọ tí ẹ rẹ sínú epo, búrọ́ọ̀ṣì idẹ tó bá ìbú rẹ̀ mu, àti aṣọ gbígbẹ lẹ́yìn rẹ̀, ni kí ẹ máa lò títí aṣọ yóò fi ń jáde láìpọ́n mọ́. Ẹ ṣọ́ ẹnu ìbọn kí ọ̀pá tí ẹ fi ń nu ún má ṣe máa ha etí ilà rẹ̀.

Ẹ má fi ohunkóhun tí wọ́n po ammonia mọ́ nu idẹ, nítorí ó lè mú kí idẹ tí wọ́n fi òòlù lù di tẹ́ẹ́rẹ́ sán láti inú wá. Fàdákà tó dúdú, ẹ fi dúdú rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá mọ́, tó sì gbẹ, ẹ wọ ìbọ̀wọ́, kí iyọ̀ ara ìka yín má bàa kù sójú irin, kí ẹ wá fi ìda tí àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ń lò kùn ún fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ìda yìí ṣeé nu kúrò nígbàkígbà, òun ló sì mú kí n fẹ́ ẹ ju epo lọ, nítorí epo máa ń kó eruku jọ, ó sì máa ń ṣàn wọ inú igi.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Igi

Ọ̀pọ̀ iyì ìbọn àtijọ́ wà lójú igi rẹ̀: òróró tí alágbẹ̀dẹ kọ́kọ́ fi kùn ún, ibi tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọdẹ ti fi ara rọ́, ibi tí ìka ti dì í mú fún ogójì ọdún. Bí ẹ bá fi kẹ́míkà bó o, ìyẹn ti lọ. Bí ẹ bá ha á, ọnà tí wọ́n gbẹ́ sí i yóò pa rẹ́, igi yóò sì lọ sílẹ̀ ju idẹ àti irin tó yí i ká, débi pé ẹni tó mọ̀ ọ́n yóò ti rí i láti òkèèrè.

Ìdọ̀tí nìkan ni ẹ ní ẹ̀tọ́ láti mú kúrò. Ẹ fi aṣọ tí ẹ rẹ díẹ̀ sínú tàpéńtáìnì aláìláwọ̀ dán an wò ní ibi tó fara pamọ́, bíi abẹ́ irin ìdí ìbọn. Bí aṣọ náà bá mú ìdọ̀tí dúdú nìkan, ẹ máa bá a lọ. Bí ó bá ń mú àwọ̀ òróró rẹ̀, ẹ dáwọ́ dúró. Àṣà wà láti máa fi epo línsíìdì kun igi àtijọ́ lọ́dọọdún. Ẹ fi í sílẹ̀. Epo náà kì í ṣe oúnjẹ fún igi, ńṣe ló ń dúdú, tó ń lẹ̀, tó sì ń di ìpele tí kò ní ṣeé yọ mọ́ lọ́jọ́ iwájú.

Igi tó bá ya, ẹ fi gúlúù tí wọ́n sè láti ara awọ ẹran lẹ̀ ẹ́, nítorí omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ooru lè tú u bí ẹlòmíràn bá fẹ́ tún un ṣe lọ́jọ́ kan. Gúlúù alápòpọ̀ òde òní lágbára jù ú lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ yẹn ni kò jẹ́ kó ṣeé dá padà. Bí èérún igi bá ti sọnù, ẹ wá irú igi kan náà, tí ọ̀nà ara rẹ̀ lọ síbi kan náà, kí ẹ gbẹ́ tuntun títí yóò fi bá ojú ibi tí ti àtijọ́ ti kán mu. Ẹ má gé ti àtijọ́ kí ó lè tẹ́jú fún tuntun.

Ìgbésẹ̀ keje: Kíkàn ìbọn tuntun ní àwòkọ ti àtijọ́

Níbí ni ọwọ́ ti lómìnira. Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn ará Gardone Val Trompia ní Italy ti ń ṣe àwòkọ ìbọn ṣakabùlà tà, àwọn oníṣòwò mìíràn sì ń ta àwọn ẹ̀yà tí a lè kàn pọ̀ fúnra wa. Ẹgbẹ́ àwọn oníṣakabùlà onílà ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1933, tí ibùjókòó wọn wà ní Friendship, ní Indiana, ń pé jọ lọ́dọọdún, ibẹ̀ sì ni ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ ti lè rí àwọn àgbà iṣẹ́ lójúkorojú. Ní Colonial Williamsburg, ìlú ìṣẹ̀ǹbáyé kan ní Virginia, a lè dúró wo àwọn alágbẹ̀dẹ tí wọ́n ṣì ń fi irinṣẹ́ ọ̀rúndún kejìdínlógún ṣiṣẹ́.

Ẹ ra ọ̀pá tí wọ́n ti parí, tí wọ́n ti dí ìdí rẹ̀, tí wọ́n sì ti dán an wò. Ìdí ọ̀pá ló ń gba gbogbo agbára ẹ̀tù, kì í ṣe ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ń dánra wò. Iṣẹ́ tiyín ni kí irin jókòó sínú igi. Ẹ fi èéfín àtùpà pa irin náà, ẹ gbé e sójú igi, ẹ gbé e kúrò, kí ẹ sì gbẹ́ kìkì ibi tó bá dúdú. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ léraléra pẹ̀lú irinṣẹ́ tó mú. Ọ̀pá ló ń ṣáájú, ẹ̀rọ ìṣáná tẹ̀ lé e, ìyókù wá lẹ́yìn. Ẹni tó bá kánjú níhìn-ín yóò ní àlàfo tí òróró kankan kò lè bò.

Bí igi bá ti gba ìrísí rẹ̀, ẹ fi omi pa á kí irun ara rẹ̀ dìde, ẹ jẹ́ kó gbẹ, kí ẹ ha irun náà kúrò. Ẹ tún un ṣe títí kò fi ní dìde mọ́. Fún igi maple, àwọn àgbà ń lo ásíìdì náítíríìkì tí wọ́n ti yọ́ irin sínú rẹ̀. Èyí tí wọ́n ti pò tà ni kí ẹ rà, nítorí èéfín pípò rẹ̀ léwu. Ẹ kùn ún, ẹ jẹ́ kó gbẹ, kí ẹ wá fi atẹ́gùn gbígbóná fẹ́ ẹ: àwọ̀ ewéko rẹ̀ yóò yí padà sí pupa rẹ́súrẹ́sú lójú yín, ọ̀nà ara igi náà yóò sì jáde kedere. Ẹ fi omi tí ẹ po sódà ìyan-búrẹ́dì sí nù ún kí ásíìdì má bàa máa ṣiṣẹ́ lọ. Orí irú igi tuntun yìí ni epo línsíìdì ti wúlò, ní ìpele fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́.

Ọ̀pá náà lè gba àwọ̀ obì nípa ìpẹtà tí a darí: ẹ fọ epo ara rẹ̀ kúrò, ẹ kùn ún pẹ̀lú omi ìpẹtà tí wọ́n ń tà fún un, ẹ gbé e sínú àpótí tó ní ọ̀rinrin, kí ẹ fi aṣọ líle gbo ó lẹ́yìn wákàtí bíi mélòó kan, kí ẹ sì tún bẹ̀rẹ̀ títí àwọ̀ náà yóò fi dọ́gba. Omi gbígbóná àti sódà ló ń dá a dúró.

Ẹ fín orúkọ yín àti ọdún sí abẹ́ ọ̀pá náà. Iṣẹ́ tó dára tí kò ní orúkọ ni ẹlẹ́tàn ń wá, tí yóò tà bí ohun ọdún 1780 lẹ́yìn tí ẹ bá ti lọ.

Ẹni tó bá fẹ́ yìnbọn, irú ìbọn tuntun yìí ni kó lò. Irin àtijọ́ lè ní ìsán tí ojú kò rí. Ẹ̀tù dúdú, tàbí àfidípò tí ẹni tó ṣe ìbọn náà fọwọ́ sí, nìkan ló gbọ́dọ̀ wọ inú rẹ̀. Ẹ̀tù òde òní tí kì í rú èéfín yóò fọ́ ọ mọ́ ẹni lọ́wọ́. Ẹ fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́ lọ́jọ́ náà gan-an, nítorí eérú ẹ̀tù dúdú ń fa ọ̀rinrin mọ́ra.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Ìpamọ́

Ẹ wá ibi tí ọ̀rinrin rẹ̀ kì í yí padà púpọ̀. Láàárín 45 sí 55 nínú ọgọ́rùn-ún dára fún igi àti irin pa pọ̀. Ẹ má fi sínú àpò awọ tàbí fóòmù, nítorí méjèèjì ń há ọ̀rinrin mọ́ ara irin. Oòrùn kò gbọ́dọ̀ máa kan igi náà. Ẹ fi ọwọ́ rọra sọ òòlù kalẹ̀ kí sípíríǹgì lè sinmi. Ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, ẹ fi ìbọ̀wọ́ gbé e jáde, ẹ fi iná wo inú ihò àti ìsàlẹ̀ òòlù, ibi tí ìpẹtà pupa ti sábà máa ń kọ́kọ́ yọjú.

Ìwé tí ẹ bẹ̀rẹ̀ ní ìgbésẹ̀ kẹrin, ẹ parí rẹ̀: ibi tí ẹ ti rà á, ohun tí ẹ bá lára rẹ̀, ohun tí ẹ ṣe sí i, irú ìda àti gúlúù tí ẹ lò, àti ọjọ́ tí ẹ lò ó. Ẹ tẹ ẹ̀dà méjì, kí ọ̀kan wà lọ́dọ̀ yín, kí èkejì sì máa bá ìbọn náà lọ sí ọwọ́ ẹni tí yóò gbà á lẹ́yìn yín.